Bakitéríà Inú Òkun Ìlàjẹ, Epo Rọ̀bì, àti Kúlà Tí Ó Jẹ Mí Lówó

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ bu omi òkun ní Ayétòrò, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo pèsè owó fún. Iṣẹ́ tí mo rò pé ₦40,000 yóò tó di ₦115,000 kí n tó ní omi tí ó ṣeé lò, kì í sì í ṣe òkun ni ó fà á, bí kò ṣe yìnyín tí ó yọ́ nínú kúlà lójú ọ̀nà Àkúrẹ́. Inú ṣì máa ń bí mi tí mo bá rántí.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, tí epo rọ̀bì bá dà sínú òkun wa, irú bakitéríà wo ni yóò dínkù, irú wo ni yóò sì gbilẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, nítorí oṣù Karùn-ún ọdún 2020 ni kànga epo Ororo-1 gbiná lójú òkun Ìlàjẹ. Nígbà tí ibùdó ìwapo Deepwater Horizon gbiná ní ọdún 2010, ọjọ́ 87 ni epo fi ń tú sínú Gulf of Mexico, àwọn ẹ̀yà bakitéríà mélòó kan tí kò tó nǹkan nínú ibú tẹ́lẹ̀ sì di èyí tí ó pọ̀ jù níbẹ̀. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i nínú omi tiwa.

Bíbu omi kò le rárá. Àbọ̀ ni wàhálà wà. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni mo dé gáréèjì ní Igbókọ̀dá, aago mẹ́ta kọjá kí ọkọ̀ tó kún. Mo ní kí awakọ̀ jẹ́ kí n san owó ààyè tí ó kù, ó ní àwọn oníbàárà òun ń bọ̀ pẹ̀lú ẹja. Wọ́n ti kúlà mi sẹ́yìn ọkọ̀, lábẹ́ apẹ̀rẹ̀ ẹja, níbi tí irin ọkọ̀ ti gbóná bí ààrò. Nígbà tí a dé Orè, ọkọ̀ kọṣẹ́, a sì jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó lé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ kí n tó ṣí kúlà náà ní Àkúrẹ́: kò sí ẹyọ yìnyín kan níbẹ̀ mọ́, omi òkun mi sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọ́n sì ti mú iná lọ ní gbogbo àdúgbò.

Mo ṣe iṣẹ́ náà bẹ́ẹ̀: mo pín omi náà sínú ìgò, mo da epo rọ̀bì sí àwọn kan, n kò sì da á sí àwọn yòókù. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, bakitéríà ti pọ̀ gidigidi nínú àwọn ìgò tí mo da epo sí, inú mi sì dùn, àfi ìgbà tí mo ka ti àwọn ìgò tí n kò da epo sí, tí iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wọn dọ́gba. Ọ̀gá mi wò ó, wọ́n ní, “Ooru lo wọ̀n, kì í ṣe epo.” Òótọ́ ni wọ́n sọ. Omi òkun tí a bá sé mọ́ inú ìgò, tí ó sì gbóná, àwọn bakitéríà kan yóò yára pọ̀ nínú rẹ̀ láìsí epo kankan. Ọpẹ́ ni pé mo ní àwọn ìgò aláìlépo wọ̀nyẹn. Láìsí wọn, irọ́ ni mi ò bá kọ sílẹ̀.

Nígbà kejì, mo ṣátà ọkọ̀ láti Igbókọ̀dá, mo sì to píọ́ wọ́tà tí ó ti dì gan-an yí àwọn ìgò ká. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé mo sẹ́ lára omi náà létí òkun níbẹ̀, mo sì fi àsẹ́ tí bakitéríà lẹ̀ mọ́ sínú ẹtánọ́ọ̀lù, ọtí líle tí kì í jẹ́ kí wọ́n yí padà, kí n lè ní ẹ̀rí àwọn tí ó wà nínú omi kí ìrìn àjò tó dé bá wọn. Ẹni tí yóò bá ṣe irú iṣẹ́ yìí, kí ó kọ owó ọkọ̀ ṣátà sílẹ̀ kí ó tó kọ owó ohunkóhun mìíràn.

Mo fi náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, àwọn èròjà inú ajílẹ̀, sí ìdajì àwọn ìgò elépo, nítorí bakitéríà kò lè fi epo nìkan dàgbà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi fọ́n ajílẹ̀ sí etíkun Alaska lẹ́yìn tí ọkọ̀ Exxon Valdez da epo síbẹ̀ ní ọdún 1989. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹfà, epo tí ó ti tẹ́ sórí omi bí awọ dúdú ti já sí wẹ́wẹ́ nínú àwọn ìgò alájílẹ̀. Mo mi ọ̀kan, omi rẹ̀ sì pọ́n bí ìgbà tí a fọ ọṣẹ dúdú sínú rẹ̀, nítorí bakitéríà náà ń tú ohun kan jáde tí ó ń ṣiṣẹ́ bí ọṣẹ. Mo pariwo nínú yàrá àyẹ̀wò! Nínú àwọn ìgò tí kò ní ajílẹ̀, awọ dúdú náà kò tíì já ní ọjọ́ kẹrìnlá.

Èsì àyẹ̀wò DNA, tí ó ń fi irú bakitéríà tí ó wà nínú omi hàn, bá a mu. Alcanivorax, bakitéríà kan tí ó ń jẹ epo, tí kò hàn tó nǹkan nínú omi tí mo sẹ́ létí òkun, ni ó kọ́kọ́ gbilẹ̀. Kò pẹ́ tí Cycloclasticus, bakitéríà mìíràn tí ó ń jẹ àwọn èròjà epo tí ó rí bí òrùka, fi tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ dínkù, kò sì tíì padà sí bí ó ti wà nígbà tí mo dáwọ́ dúró ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Àwọn kókó dúdú tí ó le bí ọ̀dà ṣì lẹ̀ mọ́ ọrùn ìgò lọ́jọ́ náà, kódà nínú àwọn alájílẹ̀. Mo fi ọ̀bẹ ha wọ́n, wọn kò ṣí.