Ìgò Château Haut-Brion Tó Ti Pẹ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, Kóòkì àti Òórùn

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù fún wa ní ìgò wáìnì pupa Château Haut-Brion ọdún 1996 kan. Nígbà tí mo gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, mo rí ohun dúdú kan tó silẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Ṣé ayédèrú ni, àbí ó ti bàjẹ́?

Ìdáhùn: Ohun tí ẹ rí yẹn kò fi hàn pé ayédèrú ni tàbí pé ó ti bàjẹ́. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ ni, bí ẹ kò bá sì rí i nínú wáìnì pupa tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ẹ fura. Inú èèpo èso àjàrà ni àwọ̀ pupa náà ti ń wá, pẹ̀lú tánìnì, ìyẹn èròjà tó máa ń mú ẹnu gbẹ bí ìgbà tí ènìyàn bá jẹ obì. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn méjèèjì á máa so mọ́ ara wọn, wọ́n á wúwo, wọ́n á sì rọ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọ̀ wáìnì tó pẹ́ fi máa ń ṣí, tí ó sì máa ń fà sí àwọ̀ bíríkì létí ife. Ọgbà àjàrà tí wọ́n ti ṣe é, ní Pessac lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé, ti lókìkí tipẹ́: ní 1663, Samuel Pepys, òṣìṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ pé òun mu wáìnì rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí wọ́n sì to àwọn wáìnì Bordeaux sí ipò ní 1855, òun nìkan ni wáìnì pupa onípò kìíní tí kò wá láti Médoc, ìyẹn agbègbè kan ní àríwá ìlú Bordeaux. Wáìnì tí wọ́n ṣe kí ó lè pẹ́ ni.

Ẹ gbé ìgò náà dúró lóòró fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí i láìmì ín, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ ọrùn rẹ̀, kí ẹ sì rọra máa dà á sínú jọ́ọ̀gì onígíláàsì láìdáwọ́ dúró. Èyí tó tòrò ni yóò kọ́kọ́ kọjá. Bí ẹ bá ti rí ìlà dúdú tín-ín-rín tó ń rìn bọ̀ lọ́rùn ìgò, ẹ dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Ìwọ̀nba tó kù kò lè pa yín lára, ṣùgbọ́n ó korò. Ẹ má sì jẹ́ kí wáìnì tó pẹ́ wà nínú jọ́ọ̀gì fún ọ̀pọ̀ wákàtí, nítorí òórùn dídùn rẹ̀ máa ń tètè lọ.

Ìbéèrè: Kóòkì rẹ̀ gé sí méjì, ìdajì rẹ̀ sì fọ́ sínú wáìnì. Ṣé kí n dà á nù?

Ìdáhùn: Ó tì o. Ẹ fi asẹ́ kékeré tó mọ́ sẹ́ ẹ. Fún ìgò mìíràn, ẹ wá irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí wọ́n ń tì bọ ẹ̀gbẹ́ kóòkì lọ́tùn-ún lósì, nítorí pé kì í gún kóòkì láàárín bíi ti onílílọ́.

Ìbéèrè: Tiwa ń rùn bí páálí tí òjò pa, atẹ́gùn kò sì mú òórùn náà lọ.

Ìdáhùn: Àbùkù gidi nìyí, kò sì ní àtúnṣe. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní TCA ló fà á. Inú kóòkì ni ó ti sábà máa ń wá, ìwọ̀nba bíńtín rẹ̀ sì tó láti pa adùn wáìnì. Kò léwu fún ara. Ẹ dé ìgò náà padà pẹ̀lú wáìnì inú rẹ̀, kí ẹ sì kàn sí ẹni tó tà á fún yín.

Ìbéèrè: Lórí kọ́bọ́ọ̀dù ní Èkó ni ìgò tiwa wà láti ọdún méjì, kóòkì rẹ̀ sì ti yọ sókè díẹ̀. Kí ni kí a ṣe?

Ìdáhùn: Ooru ló tì í sókè, ó sì dùn mí láti sọ pé ooru ń ba wáìnì jẹ́ ju ọjọ́ orí lọ. Ẹ ṣí i láìpẹ́. Bí ó bá ń rùn bí èso tí wọ́n sè jù, kò sí ohun tó lè dá a padà. Èyí tó bá kù, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja níbi tó ṣókùnkùn, kí wáìnì lè máa kan kóòkì, ní ìwọ̀n ooru 12 sí 14 Celsius. Bí ẹ kò bá ní irú ibẹ̀, fíríìjì sàn fún oṣù díẹ̀ ju orí kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Ẹ kàn yọ ọ́ síta ní wákàtí kan tàbí méjì kí ẹ tó mu ún, kí ó lè gòkè dé 16 sí 18.