Ọmọ tó ń gé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ
Ẹ̀yin òbí wa n'Ìkòròdú, ọmọ ọdún 1 sí 3 tó ń gé èèyàn jẹ kì í ṣe ọmọ burúkú. Ọ̀rọ̀ ni kò tíì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ọmọ tí wọ́n gé jẹ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀. Bí awọ bá bó, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Lẹ́yìn náà, ẹ lóṣòó kí ojú yín bá ti ẹni tó géni jẹ dọ́gba, kẹ́ ẹ sì sọ gbólóhùn kan pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́: “A kì í géni jẹ, ó ń dunni.” Ó parí. Àlàyé gígùn kò lè wọ̀ ọ́ létí nígbà tó ń bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e jẹ padà kó lè mọ̀ ọ́n lára. Ohun tẹ́ ẹ bá ṣe lòun náà á ṣe.

Ẹ máa ṣọ́ àkókò tó ń ṣe é: ìgbà tí ebi ń pa á, tí oorun ń kùn ún, tàbí tí wọ́n gba nǹkan ìṣeré rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń gbé e lọ sọ́jà Sábó, kó ti jẹun, kó sì ti sùn. Ẹ kọ́ ọ láti máa sọ “Fún mi” àti “Tèmi ni”.

Bó bá pé ọdún 2 tí kò tíì lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ etí rẹ̀ wò, bóyá ó ń gbọ́rọ̀ dáadáa.