Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Ba Ìjà Inú Géèmù RPG Jẹ́

Àwọn tó ń ṣe géèmù RPG, ìyẹn èyí tá a ti ń darí akọni kan nínú ìtàn, tí agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i bó ṣe ń jà, sábà máa ń fi iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá àwọn dán ìjà inú rẹ̀ wò. Àwòrán á dán, orin á dùn, owó á ti lọ. Bí ìjà bá ti bẹ̀rẹ̀, oorun á dé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó tún ra àwòrán ọ̀tá mìíràn, ẹ gbọ́ tèmi ná.

1. Bíbu ẹ̀mí lé ọ̀tá. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Ọ̀tá rọ̀ jù, wọ́n á sọ ẹ̀mí rẹ̀ di ìlọ́po márùn-ún, wọ́n á ní àwọn ti tún un ṣe. Ẹ bá mi ṣírò ó: ọ̀tá ní ẹ̀mí 100, idà ń gé 10 kúrò níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá la máa ṣá a kó tó kú. Ẹ sọ ẹ̀mí náà di 500, ó di ìgbà 50. Kí ló wà nínú ìkẹrìnlélógójì tí kò sí nínú ìkẹrin? Bọ́tìnnì kan náà là ń tẹ̀. Ìjà ò le sí i, ó kàn pẹ́ sí i ni.

Mo bá dírágónì kan jà rí nínú irú géèmù bẹ́ẹ̀. Mo rí kọ̀rọ̀ kan tí iná rẹ̀ kì í dé, mo gbé nǹkan wúwo lé bọ́tìnnì, mo lọ wẹ̀. Mo wẹ̀ tán, mo dé, dírágónì ṣì ń mí. Mo sọ fún ẹni tó ṣe é. Ó ní kò burú, òun á bu ẹ̀mí kún un.

Ohun tó ń mú ìjà dùn ni kí ọ̀tá fún wa ní nǹkan rò. Ẹ fi ọ̀tá alásà dí ojú ọ̀nà, kí tafàtafà wà lórí òkè, kí ẹnì kẹta wà lẹ́yìn tó ń wo ọgbẹ́ wọn sàn. Ta la máa kọ́kọ́ pa? Báwo la ṣe máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ẹ̀mí wọn lè má tó nǹkan, síbẹ̀ wọ́n á mú wa láàágùn.

2. Ọ̀tá tó ń lù wá láìṣe àmì kankan. Kó gbé kùmọ̀ sókè ká rí i, kó tó fi lulẹ̀.

3. Kí gbogbo ọ̀tá máa dàgbà bá a ṣe ń dàgbà. Nínú géèmù Oblivion, tó jáde ní 2006, téèyàn bá ti lágbára dáadáa, àwọn olè inú igbó náà á ti máa wọ ìhámọ́ra gíláàsì. Bí olè bá tà á, ṣé kò ní jẹun títí ayé ni?

Ìjà òjijì ní gbogbo ìṣísẹ̀ mẹ́ta ńkọ́? Géèmù EarthBound ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí láti 1994: bí agbára wa bá ti ju ti ọ̀tá lọ fíìfíì, géèmù á ní a ti borí, kò ní jẹ́ ká jà rárá.

Májèlé tí kì í ràn ọ̀gá ọ̀tá kankan, kí lẹ tà á fún mi fún?

Ẹni tó kú nínú ìjà, tó ń tún un jà, ẹ má mú un wo fíìmù ìtàn tó ṣáájú ìjà náà, tó ti wò tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ tèmi lọ́ra, mo máa ń kú dáadáa, mo ti há ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọ̀gá ọ̀tá mìíràn sórí ju bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Ẹ má sì dá nìkan dán an wò. Ẹ ti mọ ibi tí gbogbo ọ̀tá sá pamọ́ sí. Ẹ gbé e fún ẹni tí kò rí i rí, kí ẹ jókòó tì í, kí ẹ pa ẹnu mọ́.