Ẹ má gbé àlùmọ́gàjí lọ sí géètì: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba

Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti wọlé ní oṣù kẹsàn-án, géètì ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba a máa dà bí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Olùkọ́ kan dúró lápá ọ̀tún, òmíràn lápá òsì, pàṣán wà lábẹ́ abíyá. "Ìwọ yẹn, padà wá. Kí ni mo rí lẹ́sẹ̀ rẹ?" Ọmọ á wá máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíì ló wọ bàtà náà fún un. Olùkọ́ ni èmi náà, ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń dúró sí irú géètì bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba sì ni gbogbo wọn lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí, èmi fúnra mi ti ṣe é rí, bí kò bá jẹ́ ní géètì, á jẹ́ nídìí máṣíìnì télọ̀.

Ọjà ni nǹkan ti kọ́kọ́ ń bàjẹ́. Òbí tó ti ibi iṣẹ́ bọ̀ nírọ̀lẹ́ á yà sí ìsọ̀ aláṣọ, iná jẹnẹrétọ̀ á máa ṣẹ́jú, aláṣọ á ní, "Màmá, òun náà nìyí, òun ni gbogbo wọn ń rà." Ilẹ̀ mọ́, aṣọ tó jọ búlúù lálẹ́ ti dúdú bíi ti ọlọ́pàá. Búlúù kì í ṣe ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ ewé kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ tọrọ aṣọ lọ́wọ́ ọmọ àdúgbò tó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà, kí ẹ gbé e dání lọ sọ́jà lójú ọ̀sán. Ẹ má sì fi ojú òde aṣọ náà ṣe òdiwọ̀n o, oòrùn àti ọṣẹ ti jẹ ẹ́. Ẹ tú ìṣẹ́tí rẹ̀ díẹ̀, inú ibẹ̀ ni àwọ̀ rẹ̀ gan-an sá pamọ́ sí. Bó bá jẹ́ ṣẹ́ẹ̀kì, ẹ gbé ìka lé àpótí rẹ̀: èyí tí ìka kan bò kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tó gba ìka méjì, ojú ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ á sì rí i láti òkèèrè.

Lẹ́yìn ọjà ni ilé télọ̀. Òbí kan á ní kí télọ̀ rán aṣọ náà kó ṣe wẹ́kú sára ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ọmọ ọdún mọ́kànlá kẹ̀! Kí sáà kejì tó parí, orúnkún ti jáde lábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì, bọ́tìnnì àyà ti ń fà, olùkọ́ á sì ní ọmọ yín ń wọ ìwọ̀kuwọ̀. Ọmọ ò ṣe nǹkan kan, ó dàgbà ni. Ẹ sọ fún télọ̀ kó fi ínǹṣì méjì pa mọ́ sí ìṣẹ́tí, kó sì fi aṣọ díẹ̀ sílẹ̀ sínú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti ní ìdí ṣòkòtò. Púpọ̀ nínú wọn kì í fi nǹkan sílẹ̀ bí ẹ ò bá sọ ọ́, torí àjẹkù aṣọ yẹn ni wọ́n fi ń rán àpò. Ẹ dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń gé e.

Àwa kan wà tí a tún ṣe ti wa ní àṣejù sí apá kejì. Ṣòkòtò àkọ́bí mi, mo ní kí wọ́n rán an kó lè wọ̀ ọ́ títí dé JSS 3. Aṣọ náà tóbi débi pé bó bá ń sáré, ọwọ́ kan ló fi ń sáré, ó fi ọwọ́ kejì di ìbàdí mú. Ìgbà tó jáde SS 3 ló tó sọ fún mi pé "Bàbá Ìjọ" ni wọ́n ń pe òun ní gbogbo ọdún mẹ́ta yẹn.

Ti àwọn ọmọ náà wá kù. Ọkùnrin á gbé ṣòkòtò tó dára lọ sọ́dọ̀ télọ̀ ẹ̀yìnkùlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, tó bá fi máa di Mọ́ńdè ó ti di pẹ́ńsùlù, ó lẹ̀ mọ́ igi ẹsẹ̀ bí awọ ìlù. Ẹ yí ṣòkòtò náà sódì kí ẹ tó bínú. Bó bá jẹ́ pé wọ́n kàn rán an wọlé ni, abẹ́ á tú u, ó parí. Bí wọ́n bá ti fi àlùmọ́gàjí gé èyí tó kù dànù, owó aṣọ tuntun nìyẹn, ẹ jẹ́ kí òun náà mọ iye tó jẹ́. Ní ti obìnrin, ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń ká. Wọ́n á fi gígùn rẹ̀ jáde nílé, wọ́n á ká a ní kọ̀rọ̀, wọ́n á tún tú u sílẹ̀ bí wọ́n bá dé géètì. Ìyá tó bá ń búra pé ọmọ tòun ò lè ṣe é, kó lọ wo ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì náà nígbà tó bá ń fọ̀ ọ́. Ilà mẹ́ta mẹ́rin tó tò bí ti iwájú orí arúgbó, áyọ́ọ̀nù kò ní í lè pa á rẹ́.

Sàńdáàlì àti ìbọ̀sẹ̀ ò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ má ra èyí tó ń dán, ẹ má ra èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù nìkan lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ṣúmékà rán an yíká kí ọmọ tó wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kìíní.

Ẹ jẹ́ kí n wá kàn sí àwa olùkọ́.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀gá wa ní irun àwọn ọmọkùnrin ti pọ̀ jù. Ó fún wa ní ìkìlọ̀ ọjọ́ mẹ́ta láti kà fún wọn. Ọjọ́ kẹrin pé, mo mú àlùmọ́gàjí dání lọ sí ibi ìpéjọ òwúrọ̀. Ọmọkùnrin kan ní SS 1 wà níwájú, ọmọ jẹ́jẹ́, irun rẹ̀ tó ìka kan. Mo gé ojú ọ̀nà sí i láti iwájú dé ìpàkọ́. Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ yẹn ò wá sílé-ẹ̀kọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, ìyá rẹ̀ ló mú un wá, àwo àgbàdo sísun ṣì wà lórí rẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀, ó kúnlẹ̀. Mo ti ń retí kó bú mi, mo tilẹ̀ ti ní èsì lẹ́nu. Ó ní, "Ẹ má bínú, màmá. Owó ìgẹrun rẹ̀ la fi kún owó ìwé ìṣirò tí ẹ ní kí wọ́n rà."

Èmi ni olùkọ́ ìṣirò. Èmi ni mo ní ẹni tí kò bá ra ìwé náà kò gbọdọ̀ wọ kíláàsì mi.

Láti ọjọ́ náà, mi ò fi irin kan orí ọmọ ọlọ́mọ mọ́. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú nìkan. Abẹ́ kan ṣoṣo tí a fi ń fá orí ọmọ méjìlá lórí ìlà lè kó làpálàpá láti orí kan dé òmíràn. Bó bá gé wọn lára, ó lè kó àrùn ẹ̀dọ̀ (hepatitis) tàbí kòkòrò HIV. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003, tí gbogbo ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà ti sọ di òfin tiwọn, sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ìyà tó ń tẹ́ni jẹ ọmọ. Fífi àlùmọ́gàjí ya ṣòkòtò ọmọ títí dé orúnkún lójú ẹgbẹ́ rẹ̀, kí la fẹ́ pe ìyẹn? Ẹ kọ lẹ́tà sí òbí rẹ̀. Ẹ pè é lórí fóònù. Ọ̀nà tó falẹ̀ ni, mo mọ̀.

Ti Dàda tún yàtọ̀. Ọmọ tó bá irun náà wá sáyé, ìdílé rẹ̀ ló mọ ọjọ́ tí wọn yóò gé e àti ètùtù tàbí sààráà tó yẹ kó ṣáájú. Olùkọ́ tó bá gé e ní ìta gbangba ti dá ìjà sílẹ̀ tí kò mọ ìdí rẹ̀. Dàda ò lè jà, ó ní àbúrò tó gbójú. Nínú ohun tí mo ti rí, ìyá-ìyá rẹ̀ ló máa ń gbójú jù. Àṣìṣe òbí níbẹ̀ ni pé wọ́n á dákẹ́ títí wàhálà á fi dé. Ọjọ́ tí ẹ bá mú ọmọ wọlé ni kí ẹ ti lọ rí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì gba ẹ̀dà rẹ̀ sọ́wọ́. (Àwọn ọmọkùnrin kan wà ní SS 2 tí wọ́n ń lọ́ irun tí wọ́n á ní àwọn di Dàda ní àsìkò ìsinmi. Ẹ̀yin ẹ bi ìyá wọn.) Ní ti irun àwọn obìnrin, bí ilé-ẹ̀kọ́ bá lẹ ìwé mọ́ ògiri pé ṣùkú ni lọ́sẹ̀ yìí, kòlẹ́sẹ̀ ni lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ rántí ọmọ tí irun rẹ̀ kò gùn tó èyí tí onídìrí lè kó jọ sókè.

Lílé ọmọ padà sílé nítorí aṣọ ń kọ́? Ọmọ tí ẹ lé ní aago mẹ́jọ, ìyá rẹ̀ ti wà lọ́jà, ilẹ̀kùn ilé wà ní títì. Kò ní ibòmíràn tó ń lọ ju ẹ̀yìn ọgbà lọ, tàbí ibi tí wọ́n ti ń ta géèmù. Ó ti pàdánù ìdánwò, aṣọ tó torí rẹ̀ lọ sílé kò sì yí padà nígbà tó bá dé lọ́jọ́ kejì.

Èyí tó wá le jù ni híjáàbù, níbẹ̀ ni àṣìṣe ti wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Olùkọ́ kan á na ọwọ́ sí orí ọmọbìnrin láti fa híjáàbù yọ, á ní òfin ilé-ẹ̀kọ́ ni. Òfin wo? Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ló fòfin dè é ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Ilé-ẹjọ́ gíga ní Ìkejà ti ìjọba lẹ́yìn ní oṣù kẹwàá ọdún 2014, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dojú ìdájọ́ náà dé ní oṣù keje ọdún 2016. Ìjọba gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ l'Ábújá. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2022, adájọ́ márùn-ún nínú méje ní àwọn ọmọbìnrin náà ní ẹ̀tọ́ láti lo híjáàbù, nítorí òmìnira ẹ̀sìn tó wà ní abala 38 ìwé òfin Nàìjíríà. Kò tún sí ilé-ẹjọ́ kankan lókè ìyẹn. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ṣì ń fa híjáàbù lónìí, kò rí ohun tó máa fi gbèjà ara rẹ̀ bí wọ́n bá pè é lẹ́jọ́.

Èyí tó ń dá rògbòdìyàn sílẹ̀ jù ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọ kọ́ láyé àtijọ́, tí ìjọba sì gbà ní àwọn ọdún 1970. Orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lára pátákó, ìjọba ló sì ń san owó oṣù olùkọ́. Ẹni tó ń wo pátákó ní tiwa ni, ẹni tó ń wo owó oṣù ní ti gbogbo ayé ni. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Ìlọrin ní ọdún 2021 tí ìjọba Kwara fi ti ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́wàá pa. Ní Ìwó, lẹ́yìn tí ilé-ẹjọ́ gíga Ọ̀ṣun fàyè gba híjáàbù ní oṣù kẹfà ọdún 2016, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan wọ aṣọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí kíláàsì láti fi dáhùn híjáàbù. Mo rántí àwòrán náà nínú ìwé ìròyìn. Àgbà ló ń jà, ọmọ ni wọ́n gbé ẹ̀wù ìjà wọ̀.

Ẹ̀yin òbí Mùsùlùmí náà, ẹ jọ̀wọ́, lórí yunifọ́ọ̀mù ni híjáàbù ń lọ, kì í gba ipò rẹ̀. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti sọ àwọ̀ kan, ẹ ra àwọ̀ náà. Èyí tó ní ìlẹ̀kẹ̀ tó ń dán yanran, ẹ fi í sílẹ̀ de ọjọ́ ọdún iléyá.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan fún ìjọba pẹ̀lú: pípààrọ̀ yunifọ́ọ̀mù bí ẹni pààrọ̀ aṣọ ẹgbẹ́. Ní Ọ̀ṣun, ìjọba Arẹ́gbẹ́ṣọlá sọ pé yunifọ́ọ̀mù kan náà ni gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba yóò máa wọ̀. Nígbà tó fi di ọdún 2020, ìjọba Oyètọ́lá tó tẹ̀ lé e ní kí oníkálukú padà sí ti tẹ́lẹ̀. Mi ò sí nínú ìjà òṣèlú wọn. Ìyá tó ti ní ti àkọ́kọ́ nílé ló tún ní láti wá èkejì. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ pààrọ̀, ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ JSS 1 tó ń wọlé, kí àwọn tó kù lo èyí tó wà lọ́rùn wọn gbó.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ wa báyìí, páálí kan wà lábẹ́ tábìlì mi ní yàrá olùkọ́. Aṣọ àwọn tó ti jáde SS 3 ló wà nínú rẹ̀, mo ti fọ̀ ọ́, mo ti lọ̀ ọ́. Abẹ́rẹ́ àti òwú funfun àti ti búlúù náà wà níbẹ̀. Ọmọ tí mo bá dá dúró ní géètì á kọ́kọ́ wá síbẹ̀, màá bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ láìsí ẹlòmíì níbẹ̀, a ó wá wá èyí tó bá a mu. Aṣọ wà. Sàńdáàlì ni kò tó wa. Nọ́ńbà 38 àti 39 ni wọ́n ń béèrè jù.