Bí mo ṣe kọ ète àtùpà ìkàwé sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ya sákíìtì rẹ̀

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni pé kí n kọ ète àtùpà ìkàwé kan tó ń lo bátìrì sórí ìwé ojú kan ṣoṣo. Títí ìwé yẹn fi parí, a ò ya sákíìtì kankan, a ò sì ra ẹ̀yà kankan. Ohun tí mò ń wá ni gbólóhùn tó lè sọ pé "rárá". "Àtùpà tó dáa jù lọ fún gbogbo ènìyàn" kì í ṣe ète, torí kò sí ohun tí ẹnjiníà lè tìtorí rẹ̀ kọ̀.

Gbólóhùn tí mo kọ nìyí: "Ẹni tó ń kàwé níbi tí kò síná yóò rí ìwé tó ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀ kedere, fún wákàtí 6, lálaalẹ́, fún ọdún 3, láìpààrọ̀ bátìrì." Lẹ́yìn náà ni mo mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ di nọ́ńbà.

Ìwé tó ṣí sílẹ̀ kọ́kọ́. Ojú ewé A4 méjì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn jẹ́ A3, sẹ̀ǹtímítà 42 ní 29.7, ìyẹn bíi 0.125 mítà onígun mẹ́rin. Lux 500 ni wọ́n sábà ń là kalẹ̀ fún kíkà àti kíkọ ní ọ́fíìsì; lumen ni ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀, lux sì ni iye lumen tó bọ́ sórí mítà onígun mẹ́rin kan. Ìṣirò rẹ̀ ni 500 × 0.125, bíi lumen 62 lórí ìwé. Mo fi sí i pé ìdajì ìmọ́lẹ̀ á tú dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí náà LED gbọ́dọ̀ mú lumen 125 jáde. LED funfun tó dáa ń ṣe é pẹ̀lú nǹkan bíi wáàtì 1.

Wáàtì 1 fún wákàtí 6 jẹ́ 6 Wh (wáàtì-wákàtí). Sákíìtì tó ń bọ́ LED á jẹ nínú rẹ̀. Bí 85 nínú 100 bá dé ibi tó ń lọ, bátìrì ní láti pèsè 7.1 Wh. Bátìrì náà á sì máa rẹ̀. Tí 80 nínú 100 agbára rẹ̀ bá ṣì kù lópin ọdún kẹta, 8.9 Wh la nílò lọ́jọ́ tó kúrò ní ilé iṣẹ́.

"Ọdún 3" ló yí iṣẹ́ padà. Lálaalẹ́ fún ọdún 3 túmọ̀ sí ṣíṣáàjì tó ìgbà 1,095. Bátìrì Lithium-ion 18650 (irú rogodo gígùn tó wọ́pọ̀) kan ṣoṣo tó gba 2,600 mAh (2.6 ampere-wákàtí) ní 3.6 V á fún wa ní 9.4 Wh, ó sì dà bíi pé ó tó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irú bátìrì bẹ́ẹ̀ ti máa ń wálẹ̀ sí 80 nínú 100 lẹ́yìn ìgbà 300 sí 500, kí ọdún kejì tó parí. LiFePO4, irú bátìrì lithium mìíràn, sábà máa ń kọjá ìgbà 2,000. Ẹyọ kan rẹ̀, 1,500 mAh ní 3.2 V, jẹ́ 4.8 Wh péré, torí náà méjì la fi sí i: 9.6 Wh. Ó wúwo, ó gba àyè, owó rẹ̀ sì ga díẹ̀. Ká ní "ọdún 3" ò sí nínú ète ni, kò sẹ́ni tó máa yàn án.

Ẹ ṣọ́ra níbí: TP4056, ẹ̀yà ṣájà tó wọ́pọ̀ gan-an fún ohun èlò kéékèèké, kì í dúró títí yóò fi dé 4.2 V. LiFePO4 kò gbọ́dọ̀ kọjá 3.65 V. Ẹni tó bá pààrọ̀ bátìrì láìpààrọ̀ ṣájà ti ba bátìrì náà jẹ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn ìbéèrè àfikún dé: kó máa ṣáàjì fóònù, kó ní rédíò, kó ní Bluetooth. Ti fóònù ló le jù láti kọ̀, torí ó dùn mọ́ni létí. Fóònù 4,000 mAh ń gba bíi 15 Wh. Àtùpà wa ní 9.6. Á gbẹ tán, fóònù ò ní kún, ẹni tó fẹ́ kàwé á sì wà nínú òkùnkùn. Mo kọ ìṣirò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ "rárá", kó má bàa di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Irú ìkọ̀sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà ló bí Walkman, ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì àfọwọ́gbé tí Sony gbé jáde ní oṣù keje ọdún 1979: inú ẹ̀rọ tí àwọn oníròyìn fi ń gba ohùn sílẹ̀ ló ti jáde, wọ́n yọ gbígba ohùn kúrò, wọ́n sì fi ihò etígbọ́ méjì sí i kí ẹni méjì lè jọ gbọ́ orin.

Ojú ibi tí iná ń gbà wọlé kò gbọ́dọ̀ bọ́ lójú yín. Ète ní lálaalẹ́, nítorí náà wáyà èyíkéyìí tó bá wà nílé gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Lórí ihò USB-C, ẹsẹ̀ méjì kan wà, CC1 àti CC2, tí ṣájà fi ń mọ̀ pé nǹkan ti so mọ́ ọn: CC1 nílò resistor (ẹ̀yà tó ń dènà iná) 5.1 kΩ tirẹ̀ lọ sí ilẹ̀ sákíìtì (GND), CC2 náà nílò tirẹ̀. Àwọn kan ń yọ méjèèjì láti dín owó kù: àtùpà á gba iná láti ara wáyà tí orí rẹ̀ kejì jẹ́ USB-A, ṣùgbọ́n ṣájà tó ní USB-C kò ní fún un ní nǹkan kan, nítorí ó ń dúró láti rí resistor náà kó tó tú 5 V sílẹ̀. Ẹ má sì fi ẹyọ kan ṣe ti ẹsẹ̀ méjèèjì. Àwọn wáyà tó ní ẹ̀yà ìdánimọ̀ nínú máa ń da ṣájà rú.

Ìdánwò ló parí ìwé náà. Ẹ gbé òǹwọ̀n lux sí àárín A3, kó ka 500. Ẹ gbé e sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó má wálẹ̀ ju 300 lọ. Ẹ tún wọn ọ́n lẹ́yìn wákàtí 6. Bí igun bá ṣókùnkùn nígbà tí àárín mọ́lẹ̀ rekete, ẹ má tíì fi wáàtì kún un: ẹ kọ́kọ́ gbé orí àtùpà sókè díẹ̀ tàbí kí ẹ yí gíláàsì iwájú LED padà sí èyí tó ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká.