Bẹ́ ẹ ṣe lè yan ẹ́gísọ́ọ̀sì tó máa wọ mọ́tò asáré yín láìgé nǹkan kan

Ohùn ẹ́gísọ́ọ̀sì, ìyẹn páìpù tí èéfín ẹ́ńjìn ń gbà jáde, ló máa ń kọ́kọ́ fa èèyàn. Ẹ wo fídíò kan, mọ́tò tó jọ tiyín gẹ́lẹ́ ń bú ramúramù nínú ẹ̀, ọwọ́ ti dé àpò nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù díẹ̀. Fídíò ò lè sọ fún yín bóyá ihò bóòtù páìpù yẹn bá tiyín mu, bẹ́ẹ̀ ibi tí páìpù kan ti pàdé èkejì gan-an ni wàhálà ẹ́gísọ́ọ̀sì pọ̀ sí, ibẹ̀ ló sì yẹ kẹ́ ẹ tẹjú mọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ mọ mọ́tò tẹ́ ẹ ní dáadáa. Orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ bútù ò tó o. Ẹ máa nílò ọdún tí wọ́n ṣe é, kóòdù bọ́dì ẹ̀, ẹ́ńjìn tó wà nínú ẹ̀, bóyá táyà méjì ló ń fà á àbí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọwọ́ tí sítíárì wà, àti orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe é fún. Ẹ wo Ford Mustang, ti 2014 àti ti 2015 ń jẹ́ orúkọ kan náà, àmọ́ ní 2015 wọ́n yọ ásù gbọọrọ tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, wọ́n jẹ́ kí táyà kọ̀ọ̀kan máa dá gbéra, ọ̀nà tí páìpù ń gbà kọjá lábẹ́ ẹ̀ wá yàtọ̀. Subaru WRX àti WRX STI ti 2015 sí 2021 náà, bọ́dì kan ni, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ cat-back (apá ẹ̀yìn ẹ́gísọ́ọ̀sì) fi ń wọ méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìn FA20 ló wà nínú WRX, ìsàlẹ̀ níwájú ni tọ́bò ẹ̀ (ẹ̀rọ tí èéfín ń yí kó lè ti atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìn) wà, EJ25 ló wà nínú STI, òkè lẹ́yìn ni tọ́bò tiẹ̀ wà, kò sí bí downpipe (páìpù tó tẹ̀ lé tọ́bò) ọ̀kan ṣe fẹ́ wọ èkejì. Volkswagen Golf GTI àti Golf R ti Mk7 (ìran keje), táyà iwájú ló ń fa GTI, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fa R, downpipe wọn ò rí bákan náà. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì ronú kàn ni pé láti bíi 2018, ọ̀pọ̀ mọ́tò pẹtiróòlù tuntun ní Yúróòpù ń gbé fílítà tó ń sẹ́ ẹ̀gbin kúrò nínú èéfín, OPF tàbí GPF ni wọ́n ń pè é, irú mọ́tò yẹn kan náà tí wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà lè má ní in, páìpù wọn á sì yàtọ̀.

Nítorí náà ẹ fún ẹni tó ń tajà ní nọ́ńbà ṣáàsí. Tó bá ní "á wọ̀ ọ́" láìbéèrè ọdún àti ẹ́ńjìn, ẹ wá ẹlòmíì.

Láti ẹ́ńjìn bọ̀ sẹ́yìn, bó ṣe tẹ̀ léra nìyí: mánífóòdù tàbí hẹ́dà (páìpù tó so mọ́ ẹ́ńjìn gan-an), tọ́bò tó bá ní, downpipe, kátálíìsì (tó ń dín oró inú èéfín kù), páìpù àárín pẹ̀lú résónétọ̀ (tó ń pa ìró tó ń dáni lágara), sálẹ́ńsà (tó ń dín ariwo kù), ẹnu páìpù. Axle-back ń pààrọ̀ láti ibi ásù ẹ̀yìn lọ, ohùn ló ń yí padà jù. Cat-back bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn kátálíìsì, kì í sábà gba kẹ́ ẹ fọwọ́ kan bréènì bọ́ọ̀sì (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìn). Tẹ́ ẹ bá ti wá síwájú ju ìyẹn lọ, hẹ́dà àbí downpipe, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn, torí tí èéfín bá ti ń jáde fàlàlà lẹ́yìn tọ́bò, tọ́bò á tètè yí, atẹ́gùn tó ń tì sínú ẹ́ńjìn lè kọjá ohun tí bréènì bọ́ọ̀sì ń retí, ó di dandan kẹ́ ẹ wá ẹni tó mọ tuning, ìyẹn títún bréènì bọ́ọ̀sì tò. Ẹ mọ ẹni náà kẹ́ ẹ tó ra downpipe. Tó bá ṣe èmi lẹ bi, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, cat-back ni kó mú.

Ó wá ku ojú ìpàdé. Fáńjì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń de páìpù méjì pọ̀, ti bóòtù méjì wà, ti bóòtù mẹ́ta wà, èyí tí ojú ẹ̀ rí roboto tó ń lo sípíríǹgì wà, V-band náà wà, ìyẹn òrùka tó ń di ẹnu páìpù méjèèjì mú pọ̀. Pé méjèèjì ní bóòtù méjì ò ní kí wọ́n bára mu. Ẹ wọn ọ̀nà tó wà láti àárín ihò kan dé àárín ihò kejì, kẹ́ ẹ sì wo ibi tí fáńjì náà kọjú sí, torí èyí tó bá yí díẹ̀ lásán níwájú máa gbé sálẹ́ńsà lọ lu bọ́ńpà lẹ́yìn. V-band tún ní tiẹ̀, àwọn kan pẹlẹbẹ, àwọn kan ní ojú tó wọnú ara wọn, tẹ́ ẹ bá fi ọ̀kan pàdé èkejì á máa jò bí wọ́n tiẹ̀ jọ jẹ́ ínṣì 3. Tí wọ́n bá sì ní páìpù ínṣì 3, ìta ẹ̀ ni wọ́n sábà ń wọ̀n, ìyẹn bíi mìlímítà 76, èyí tó máa wọ̀ ọ́ lórí gbọ́dọ̀ ní inú tó fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fín-ín-fín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ da ti kọ́ńpánì méjì pọ̀, ẹ ní kí àwọn méjèèjì fi ìwọ̀n fáńjì wọn ránṣẹ́, fọ́tò nìkan ò tó.

Lórí bó ṣe yẹ kó fẹ̀ tó: láti ínṣì 2.5 sí 3, àyè inú páìpù fi ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, kì í ṣe nǹkan kékeré. Mọ́tò tọ́bò fẹ́ràn ẹ̀. Ẹ́ńjìn kékeré tí ò ní tọ́bò, èéfín á falẹ̀ nínú páìpù tó fẹ̀ jù, agbára tí ẹ́ńjìn ní nígbà tí kò tíì yí kíákíá á dín. Tí ọrùn tóóró bá sì ṣì wà níwájú, páìpù ńlá lẹ́yìn ò lè ṣe ju ohun tí ọrùn yẹn bá gbà kọjá.

Ẹ ka ihò sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, ohun tó ń wọn ọ́síjìn inú èéfín fún bréènì bọ́ọ̀sì. Ìlà ihò wọn sábà máa ń jẹ́ M18×1.5 (fífẹ̀ mìlímítà 18, ìlà kan sí èkejì mìlímítà 1.5), torí náà ọ̀rọ̀ ìlà kọ́ ló sábà ń dá wàhálà sílẹ̀, iye ihò àti ibi tí wọ́n wà ni, torí wáyà lè má dé ibẹ̀. Tí páìpù bá ń jò níwájú sẹ́ńsọ̀, atẹ́gùn ìta á wọlé, bréènì bọ́ọ̀sì á rò pé epo ò tó, á máa da epo sí i. Tẹ́ ẹ bá yọ kátálíìsì tàbí ẹ lo èyí tí ò lágbára, kóòdù P0420 lè tan iná sẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìn. Mọ́tò tó ní fáàfù (ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí tó ń pa dé) nínú ẹ́gísọ́ọ̀sì, ẹ béèrè bóyá èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rà ní àyè fún ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣí i.

Irin ẹ̀ ńkọ́? Stainless 304 ń pẹ́ ju 409 lọ, 409 máa ń dípàtà lójú ṣùgbọ́n ó lágbára, máńgínẹ́ẹ̀tì á lẹ̀ mọ́ 409 dáadáa, kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ 304. Titanium fúyẹ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wẹ́dà ló lè jó o.

Ìró tó máa ń kún inú mọ́tò láàárín 1,500 sí 3,000 RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìn ń yí ní ìṣẹ́jú kan) náà ń sú èèyàn lọ́nà jíjìn, ẹ má tètè yọ résónétọ̀.

Ẹ wo òfin ibi tẹ́ ẹ ti ń wakọ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ ò fàyè gba yíyọ kátálíìsì mọ́tò tó ń rìn lójú títì, California sì fẹ́ kí kátálíìsì tẹ́ ẹ rà ní nọ́ńbà EO, ìyẹn nọ́ńbà ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ náà. Ní Yúróòpù, ẹ wá àmì E (àmì pé wọ́n fọwọ́ sí i) tí wọ́n tẹ̀ sára sálẹ́ńsà.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ dè é, ẹ fi gbogbo ẹ̀ kọ́ sórí rọ́bà tó ń gbé e dúró, ẹ má tíì fún bóòtù kankan pa. Ẹ wo àlàfo ẹ̀ sí ṣáàfù, sí táńkì epo, sí bọ́ńpà, kẹ́ ẹ wá máa fún un láti iwájú lọ sẹ́yìn. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má fi gọ́ọ̀mù sílíkóònì sí ìtòsí sẹ́ńsọ̀ torí ó máa ń bà á jẹ́. Ẹ wà á díẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, kẹ́ ẹ tún àwọn bóòtù yẹn fún.