Bí mo ṣe rí ìdagẹ̀rẹ̀ ojú irin Princetown

Àwòṣe ẹ̀ka réluwéè Princetown ni mo ń ṣe sínú kọ̀ǹpútà, èyí tó ń gba orí ilẹ̀ olókè Dartmoor kọjá ní Devon lápá England láyé ọjọ́sí, láti Yelverton lọ sí Princetown, máìlì 10 àti ààbọ̀. 1883 ni wọ́n ṣí i, wọ́n tì í pa ní 1956, wọ́n sì ti hú irin ẹ̀ tipẹ́. Òkè gígùn ni mo ṣe fẹ́ràn ẹ̀, torí ibùdókọ̀ Princetown ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní 1,300 fíìtì, tí òkè yẹn ò bá wá pé nínú àwòṣe, mi ò tíì ṣe Princetown nìyẹn.

SRTM ni mo kọ́kọ́ lò, gíga ilẹ̀ tí wọ́n fi rédà wọ̀n láti òfúrufú lọ́dún 2000, torí ọ̀fẹ́ ni. Ó dùn mí gan-an. Nọ́ńbà kan péré ló ń fúnni fún ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà 30, irin yìí sì lọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkè King Tor, òkè wà lápá kan, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wà lápá kejì, gbogbo ẹ̀ ló pò pọ̀ mọ́ irin tó wá fún mi ní ìpíndọ́gba, ni ọkọ̀ mi bá ń fò sókè fò sílẹ̀.

LIDAR ti Environment Agency, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àyíká ní England, ló gbà mí. Bàálù ni wọ́n fi ta lésà sílẹ̀, mítà kọ̀ọ̀kan ló ní gíga tiẹ̀, ọ̀fẹ́ lòun náà. Ẹ jọ̀ọ́, DTM, ìyẹn gíga ilẹ̀ lásán, ni kẹ́ ẹ mú, ẹ má mú DSM, torí DSM ń ka orí igi mọ́ ilẹ̀, ojú irin tí wọ́n sì ti pa tì látijọ́ á ti hu igi. Mo ṣí i nínú QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wo máàpù, mo wá fi máàpù àtijọ́ ti Ordnance Survey, àjọ tó ń ya máàpù ilẹ̀ Britain, tí National Library of Scotland gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì tọ ipa irin náà.

Ibi tí mo ti ṣìṣe jù rèé. Mo ń ṣírò ìdagẹ̀rẹ̀ ní mítà 5 mítà 5. Tí ilẹ̀ bá ń gòkè ní 1 nínú 40, ìyẹn mítà 1 sókè nínú mítà 40, sẹ̀ǹtímítà 12 àti ààbọ̀ péré ló máa fi ga sí i láàárín mítà 5, bẹ́ẹ̀ LIDAR fúnra ẹ̀ lè fi bíi sẹ̀ǹtímítà 15 ṣì í, ṣé ẹ rí i pé àṣìṣe yẹn ti ju òkè tí mò ń wá lọ! Àmọ́ tẹ́ ẹ bá mú mítà 400, mítà 10 ló máa gà, sẹ̀ǹtímítà 15 ò lè ba ìyẹn jẹ́. Àwọn tó ń la réluwéè náà kì í yí ìdagẹ̀rẹ̀ padà ṣáá, wọ́n á mú ẹyọ kan bá a lọ lọ́ọ̀ọ́kán kí wọ́n tó yí i. Torí náà mo ya gbogbo gíga yẹn sí gíráàfù, mo gbé rúlà lé e, mo wá ń wá ibi tí ìlà ti ṣẹ́. Ibi tó ti ṣẹ́ yẹn lèmi ń fẹ́, ìyókù mi ò wò ó.

DTM máa ń yọ bíríìjì kúrò o, kòtò á kàn já lójijì níbi tí irin ti gba orí ọ̀nà, ẹ so etí méjèèjì pọ̀. Ẹ má sì da gíga orí máàpù àtijọ́ pọ̀ mọ́ ti ìsinsìnyí, àwọn tàtijọ́ ń ka gíga láti ojú òkun ní Liverpool, ti Newlyn ni wọ́n ń lò báyìí.

Mo fi ibùdókọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, torí ìlànà Board of Trade, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó réluwéè nígbà yẹn, ò fẹ́ kí ibùdókọ̀ dagẹ̀rẹ̀ ju 1 nínú 260 lọ àfi tí ò bá ṣeé yẹ̀, tí ìlà mi bá ń gòkè gan-an níbùdókọ̀, mo mọ̀ pé mo gbé rúlà sí ibi tí ò yẹ. Mo tún wo fọ́tò àtijọ́, torí wọ́n máa ń ri òpó kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin níbi tí ìdagẹ̀rẹ̀ bá ti yí padà, wọ́n á kọ 40 sí apá ẹ̀ tó bá jẹ́ 1 nínú 40, L ló máa wà níbẹ̀ tó bá tẹ́jú.

Ibi tó le jù nínú èyí tí mo rí bọ́ sí 1 nínú 40 lóòótọ́. Lálẹ́ àná mo gbé ọkọ̀ láti Yelverton, nígbà tó fi máa dé King Tor ẹ́ńjìnnì ti ń wọ́ ẹsẹ̀, inú mi dùn débi pé mo padà lọ gbé e lẹ́ẹ̀kejì.